Ẹ̀fọ́rí Tí A Lè Wò Nílé, Àti Èyí Tí Kò Gbọdọ̀ Sùn Nílé

Bí a bá ní ká to àwọn àìsàn tó ń dé bá gbogbo èèyàn lẹ́sẹẹsẹ, orí fífọ́ ni yóò wà níwájú. Kò mọ olówó, kò mọ tálákà. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ṣírò rẹ̀ pé ní 2021, ẹ̀fọ́rí oríṣiríṣi bá èèyàn bílíọ̀nù 3.1 fínra kárí ayé, ìyẹn nǹkan bí 40 nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn. Nítorí pé ó wọ́pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, kò jọ wá lójú mọ́. Olúkúlùkù ti ní ohun tó ń fi pa á: ẹnìkan á ju hóró òògùn méjì sẹ́nu, ẹnìkan á fi ìpara gbígbóná ra iwájú orí, ẹnìkan á bu àgbo mu, ẹlòmíràn á fi ìborùn di orí pinpin, á sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Mi ò wá láti bu ẹnu àtẹ́ lu ìtọ́jú inú ilé. Púpọ̀ nínú ẹ̀fọ́rí ni kò nílò dókítà rárá. Ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ yín sí ni pé ká tó wá ohun tí a ó fi pa á, ká kọ́kọ́ wádìí ohun tó gbé e dé. Ìtọ́jú inú ilé tó ń ṣiṣẹ́ jù ni èyí tó mú ohun tó fa ẹ̀fọ́rí kúrò. Èyí tó léwu jù ni èyí tó kàn ń pa á lẹ́nu mọ́, tí ohun tó fà á sì ń ba nǹkan jẹ́ lọ nínú ara.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó rọrùn. Àìmu omi tó, àìjẹun lásìkò, àìsùn tó, àti oòrùn tó ń pa èèyàn lórí láti àárọ̀ ló wà nídìí ọ̀pọ̀ ẹ̀fọ́rí tí à ń di ẹrù rẹ̀ ru ibà. Ẹ wo ẹni tó ń gbé ní Ìkòròdú tó ń ṣiṣẹ́ ní Erékùṣù Èkó. Ó ti jí kó tó di aago márùn-ún ìdájí, kò fẹnu kan nǹkan kan, ó jókòó sínú ọkọ̀ nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ó débi iṣẹ́, ó tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà títí di ọ̀sán. Bí orí bá fọ́ ọ ní aago méjì, ṣé ibà ni? Ẹ tún wo àwọn ìyá wa lọ́jà. Ọ̀pọ̀ wọn ló mọ̀ọ́mọ̀ ń yẹra fún omi títí di ìrọ̀lẹ́ nítorí pé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ọjà kò ṣeé wọ̀, tàbí nítorí pé wọ́n á gbowó lọ́wọ́ wọn ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ tọ̀. Èyí máa ń dùn mí. Ẹ̀fọ́rí tí wọ́n ń gbé lọ sílé nírọ̀lẹ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ òògùn, ọ̀rọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ àti àwọn alákòóso ọjà ni.

Bí irú ẹ̀fọ́rí yìí bá mú yín, ẹ wá ibòji jókòó sí. Ẹ mu omi bí ife méjì, díẹ̀díẹ̀, ẹ má gbé e kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ jẹ nǹkan bí ẹ kò bá tíì jẹun. Bó bá jẹ́ pé ilé lẹ wà, ẹ pa iná yàrá, ẹ gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ sùn. Aṣọ tí a rẹ sínú omi tútù, tí a fún, tí a gbé lé iwájú orí fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, máa ń tu ọ̀pọ̀ èèyàn lára. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé ẹ̀yìn ọrùn àti èjìká ló le, bí ti ẹni tó tẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ ìránṣọ láti àárọ̀, aṣọ tí a rẹ sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ló dára fún ibẹ̀, kí ẹlòmíràn sì bá yín rọra fọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Ọ̀pọ̀ ẹ̀fọ́rí báyìí á ti rọlẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ tú òògùn kankan nínú páálí.

Ẹ̀fọ́rí ààwẹ̀ ní tirẹ̀ lọ́tọ̀. Àwọn tó ń gba Ràmàdáánì mọ ọjọ́ àkọ́kọ́ àti ọjọ́ kejì rẹ̀ dáadáa, àwọn tó ń gba ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ gbọọrọ ní ṣọ́ọ̀ṣì náà mọ̀ ọ́n. Ebi àti òùngbẹ lọ́wọ́ níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ohun tí ọ̀pọ̀ kò fura sí ni obì. Kaféènì tó wà nínú kọfí àti tíì ló wà nínú obì náà. Dírẹ́bà ọ̀nà jíjìn, ọdẹ tó ń ṣọ́ àdúgbò lóru, bàbá tí obì kì í wọ́n lápò rẹ̀, gbogbo wọn ni ara wọn ti mọ́ ọn. Bí wọ́n bá dá a dúró lójijì, orí á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ wọn láàrin ọjọ́ kan sí méjì, ó sì lè tó ọ̀sẹ̀ kan kó tó kúrò tán. Bákan náà ló rí fún ẹni tí kọfí tàbí àwọn ohun mímu inú agolo tó ń lé oorun lọ ti di bárakú fún. Bó bá ti ku ọ̀sẹ̀ méjì kí ààwẹ̀ wọlé, ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í dín in kù. Ẹ má fo sààrì. Ẹ mu omi dáadáa láàrin ìgbà tí ẹ bá ṣínu sí ìgbà tí ẹ ó jẹ sààrì. Ẹni tó bá ní àtọ̀gbẹ tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru gbọ́dọ̀ bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀ kó tó gba ààwẹ̀ kankan. Ẹ̀sìn fúnra rẹ̀ fi ààyè sílẹ̀ fún aláìsàn.

Irun àti gèlè kò ṣeé fò. Ẹ wọ ilé ìdirun lọ́jọ́ Sátidé tí iléèwé fẹ́ wọlé, ẹ ó rí ọmọdébìnrin tí wọ́n há sáàrin orúnkún onídìrí, tó ń ṣẹ́jú pẹ́pẹ́, tí omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Wọ́n ń fi àtásìmẹ́ǹtì dì í, awọ iwájú orí ti fà tó bẹ́ẹ̀ tí ìpéǹpéjú gbé sókè, irorẹ́ wẹ́wẹ́ ti yọ sí ìdí irun. Bó bá ní, "Àǹtí, ó ń dùn mí," èsì tí wọ́n á fún un ni, "Fara dà á, bó bá di ọ̀la á dẹ̀." Lálẹ́ ọjọ́ náà ni wọ́n á fún un ní paracetamol, láàárọ̀ ọjọ́ kejì wọ́n á ní ibà ló ń bọ̀. Nínú ìwé tí àwọn dókítà ẹ̀fọ́rí kárí ayé fi ń to oríṣiríṣi ẹ̀fọ́rí, ààyè ọ̀tọ̀ wà fún èyí tó wá láti ara ohun tó fún orí, tàbí tó ń fa irun. Wọ́n ní bí a bá tú ohun náà kúrò, ẹ̀fọ́rí á lọ láàrin wákàtí kan. Ìtọ́jú rẹ̀ nìyẹn: ẹ tú u. Gèlè líle tí a dì fún òde láti àárọ̀ títí di alẹ́ ń ṣe bẹ́ẹ̀, ìborùn tí à ń fi di orí pinpin kí ẹ̀fọ́rí lè lọ sì lè mú un pẹ́ sí i. Kí ìyá sọ fún onídìrí kó tó bẹ̀rẹ̀ pé kó dẹ iwájú orí ọmọ náà. Irun tó ń fà báyìí lemọ́lemọ́ ló ń sọ iwájú orí di pípá lọ́jọ́ iwájú.

Ó kan ewé. Ọ̀dúndún àti rinrin ni àwọn àgbà wa ti ń lò fún orí gbígbóná tipẹ́tipẹ́. Ọ̀dúndún nípọn, ó kún fún omi. Wọ́n á já a, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á fọwọ́ ra á títí omi rẹ̀ á fi yọ, wọ́n á wá tẹ́ ẹ síwájú orí. Rinrin ni ewé kékeré tó máa ń hù sí ìdí ògiri àti ẹ̀gbẹ́ kànga, tí igi rẹ̀ mọ́ gaara. Mi ò rí ewu nínú kí a gbé wọn lé awọ tí kò ní egbò. Iṣẹ́ tí aṣọ tútù ń ṣe ni wọ́n ń ṣe, bóyá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn onímọ̀ kan nílẹ̀ wa dán rinrin wò lára eku, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2001 pé ó ń dín ìrora kù. Ìròyìn tó dára ni, àmọ́ eku ni wọ́n fún. Ìyẹn kò sọ fún wa ìwọ̀n tó tọ́ kí èèyàn máa mu lójúmọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò sọ pé kí ẹni tó ní àrùn kíndìnrín máa sè é mu.

Ní tèmi, atalẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù. Ìwádìí kan láti orílẹ̀-èdè Iran, tó jáde ní 2014, fi lúbúlúbú atalẹ̀ wé sumatriptan, òògùn tí dókítà ń kọ fún túúlu, lára èèyàn 100, atalẹ̀ sì ṣe dáadáa. Ìwádìí kan ṣoṣo kò tó láti sọ ọ́ di òògùn túúlu. Ṣùgbọ́n ó máa ń mú kí inú tó ń rú rọlẹ̀, inú rírú sì ni apá kan gbòógì nínú ìyà tí túúlu ń fi jẹ èèyàn. Ẹ bó èyí tó tó orí àtàǹpàkò, ẹ gé e wẹ́wẹ́, ẹ da omi gbígbóná lé e, ẹ bò ó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kẹ́ ẹ máa mu ún bíi tíì. Ẹni tó ń lo òògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, irú bíi warfarin, kó béèrè lọ́wọ́ dókítà kó tó sọ ọ́ di ti ojoojúmọ́.

Àwọn ìpara gbígbóná tí à ń rà nínú agolo kékeré náà ní iṣẹ́ tiwọn. Menthol àti camphor ló sábà máa ń wà nínú wọn. Ní Jámánì, ìjọba fọwọ́ sí òróró peppermint tí wọ́n pò mọ́ ọtí, ní ìwọ̀n 10 nínú ọgọ́rùn-ún, gẹ́gẹ́ bí òògùn tí àgbàlagbà lè fi ra iwájú orí nígbà ẹ̀fọ́rí. Díẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi ra ẹ̀bátí méjèèjì àti ẹ̀yìn ọrùn, kẹ́ ẹ sì fọ ọwọ́ yín kó má baà kan ojú. Àmọ́ ẹ má fi ra ọmọ ọwọ́, ẹ má sì fi kan ihò imú ọmọdé kankan. Menthol lè mú kí ọ̀nà èémí ọmọ kékeré dí lójijì. Bí ọmọ bá lá camphor, ó lè mú gìrì wá. Ìfẹ́ ni ìyá àgbà fi ń ra á sí imú ọmọ ọmọ rẹ̀ nígbà tí ara rẹ̀ gbóná. Ẹ fi ìfẹ́ kan náà dá a lọ́wọ́ kọ́.

Mo ti dárúkọ túúlu, ó yẹ kí n dúró lé e lórí díẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ kan orí ló sábà máa ń mú, ó máa ń lù kìkì, inú á máa rú, iná kò ní ṣeé wò, ariwo kò ní ṣeé gbọ́. Bí a kò bá tọ́jú rẹ̀, ó lè tó wákàtí mẹ́rin sí ọjọ́ mẹ́ta. Àwọn obìnrin ló ń bá jà jù, ti àwọn mìíràn sì máa ń bá nǹkan oṣù rìn. Àwọn kan ní àìsàn òyìnbó ni. Rárá o. Ọ̀jọ̀gbọ́n B. O. Ọ̀ṣúntókun ti ilé ìwòsàn UCH, Ìbàdàn, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìwádìí àìsàn ọpọlọ àti iṣan láàrin èèyàn tó lé ní 18,000 ní Ìgbò-Ọrà, ìlú ìbejì, wọ́n sì tẹ èyí tó jẹ mọ́ ẹ̀fọ́rí jáde ní 1992. Wọ́n bá túúlu níbẹ̀ láàrin àwọn ará ìlú. Nítorí náà, ìyàwó tó wọ yàrá lọ́sàn-án gangan, tó ti fèrèsé, tó ní kí àwọn ọmọ má pariwo, kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì ṣe àṣejù ló ń ṣe. Òkùnkùn, ìdákẹ́jẹ́, aṣọ tútù àti oorun ni ìtọ́jú ilé rẹ̀, pẹ̀lú òògùn ìrora tí ó tètè lò kó tó le. Bó bá ń dé lẹ́ẹ̀mẹrin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lóṣù, òògùn tó ń dènà rẹ̀ wà, dókítà ló sì ń kọ ọ́.

Àwọn nǹkan kan wà tí mo fẹ́ ká fi sílẹ̀ pátápátá. Gbẹ́rẹ́ iwájú orí ni àkọ́kọ́. Abẹ tí wọ́n fi sín ẹnìkan tí wọ́n tún fi sín ẹlòmíràn lè gbé kòkòrò HIV àti àrùn mẹ́dọ̀wú láti ara ẹnìkan dé ara ẹnìkejì, ohun tí wọ́n ń fi ra ojú gbẹ́rẹ́ náà sì lè gbé tẹ́tánọ́ọ̀sì wọlé. Èkejì ni kíkán omi ewé, ìtọ̀ tàbí omi ọsàn wẹ́wẹ́ sójú nítorí pé ẹ̀fọ́rí mú ojú dání. Ojú tó fọ́ kò ní padà, ẹ̀fọ́rí á ṣì wà níbẹ̀. Áṣáà tí àwọn àgbà ń fín símú náà, tábà ni, ó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ ru sí i. Omi iyọ̀ pẹ̀lú wà nínú wọn. Ní oṣù kẹjọ 2014, nígbà tí ẹ̀rù Ebola ń ba gbogbo wa, àtẹ̀jíṣẹ́ kan gba orí fóònù káàkiri Nàìjíríà lóru ọjọ́ kan pé kí a fi omi iyọ̀ gbígbóná wẹ̀, ká sì mu ún. Ìròyìn jáde pé èèyàn méjì kú ní Jos, nǹkan bí 20 sì wà nílé ìwòsàn. Ẹ rántí rẹ̀ nígbà tí ẹnìkan bá tún fi àṣírí ìtọ́jú ẹ̀fọ́rí ránṣẹ́ sí yín lórí WhatsApp, tó ní kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí èèyàn mẹ́wàá.

Ọ̀rọ̀ àgbo gba sùúrù. Ní ibùdókọ̀ láago mẹ́fà àárọ̀, ìyá alágbo ti to ìgò rẹ̀ sínú abọ́. Oníbàárà á dé.

"Ẹ káàárọ̀ mà. Orí ń fọ́ mi láti àná."

"Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Ṣé ti ibà ni, àbí ti jẹ̀díjẹ̀dí?"

"Ẹ bá mi po méjèèjì pọ̀ mà."

"Olómi àbí ọlọ́tí?"

Ọlọ́tí ló sábà máa ń jẹ́. Ìyá á tú díẹ̀ nínú ìgò tó pọ́n, á tú díẹ̀ nínú èyí tó dúdú, á ro ó pọ̀ nínú ife kékeré tí kò ní àmì ìwọ̀n. Ìgò kò ní orúkọ, kò ní ọjọ́ tí wọ́n sè é. Ọ̀pọ̀ àwọn ìyá wọ̀nyí mọ ewé, olóòótọ́ èèyàn sì ni wọ́n. Ṣùgbọ́n ìyá fúnra rẹ̀ kò lè mọ ohun tó wà nínú ọtí tí òun rà lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Ní oṣù kẹrin 2015, ní Òde-Ìrèlè ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ àwọn èèyàn. Ojú wọn ṣú, àwọn kan kò ríran mọ́, wọ́n dákú, púpọ̀ nínú wọn sì kú láàrin ọjọ́ kan. Ó kéré tán, èèyàn 18 ló bá a lọ. Àwọn kan ní òrìṣà ìlú ló ń bínú. Nígbà tí àyẹ̀wò jáde, methanol ni wọ́n bá, ògógóró ló sì gbé e wọ ara wọn. Methanol kò yàtọ̀ sí ọtí lójú, kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ lẹ́nu. Inú ara ló ti ń yí padà di májèlé tó ń ba iṣan ojú jẹ́. Ẹni tó bá mu ògógóró, paraga tàbí àgbo ọlọ́tí lálẹ́, tí orí fọ́ ọ lọ́jọ́ kejì, tí ojú rẹ̀ ń ṣe bàìbàì, kó má mu ife mìíràn láti fi lé ẹ̀fọ́rí náà lọ. Ilé ìwòsàn ni, lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó bá sì fẹ́ lo àgbo, kó lo olómi, kó ra èyí tó ní nọ́ńbà NAFDAC, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti òògùn, kó sì ka ara páálí rẹ̀: wọ́n sábà máa ń kọ ọ́ síbẹ̀ pé NAFDAC kò tíì yẹ ohun tí wọ́n ní òògùn náà ń wò sàn wò.

Ẹ má rò pé ìpara àti àgbo nìkan ló ń mú ewu dání. Ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta òògùn ní kẹ́míìsì àdúgbò ni mo ti ń bẹ̀rù jù. "Ẹ bá mi po ti orí fífọ́ àti ara ríro." Á já hóró funfun, á já pupa, á já yẹ́lò, á kó wọn sínú ọ̀rá kékeré, kò ní kọ orúkọ kankan. Paracetamol lè wà nínú mẹ́ta nínú wọn lábẹ́ orúkọ mẹ́ta. Àgbàlagbà kò gbọ́dọ̀ lo ju hóró 8 tó jẹ́ 500mg lọ láàrin wákàtí 24, hóró méjì lẹ́ẹ̀kan, kí wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà sì wà láàrin wọn. Tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ̀dọ̀ ló ń jẹ, ẹ̀dọ̀ kì í sì í ké lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ibuprofen àti diclofenac lè dá ọgbẹ́ sínú, wọ́n lè ba kíndìnrín jẹ́, wọ́n sì lè mú ẹ̀jẹ̀ ru. Aspirin kò wà fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16, àyàfi tí dókítà bá kọ ọ́.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀: òògùn ẹ̀fọ́rí lè di ohun tó ń fa ẹ̀fọ́rí. Bí èèyàn bá ń lo paracetamol tàbí ibuprofen ní ọjọ́ 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lóṣù, fún ohun tó ju oṣù mẹ́ta lọ, orí lè bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ nítorí òògùn náà gan-an. Fún àwọn òògùn àdàlù tí kaféènì wà nínú wọn, ọjọ́ 10 lóṣù ti tó láti fà á. Á jí pẹ̀lú ẹ̀fọ́rí, á lò ó, á rọ̀, á tún padà. Ojútùú rẹ̀ ni kó fi òògùn náà sílẹ̀. Ọjọ́ àkọ́kọ́ á le, nítorí náà kó jẹ́ kí dókítà mọ̀ sí i.

Bí orí bá ń fọ́ gbogbo ará ilé pa pọ̀ lóru, ẹ wo jẹnẹrétọ̀. Mo bẹ̀ yín, ẹ ka ìlà yìí lẹ́ẹ̀mejì. Èéfín rẹ̀ ní afẹ́fẹ́ olóró kan tí wọ́n ń pè ní carbon monoxide, tí kò ní àwọ̀, tí kò ní òórùn. Ààyè tí èémí yẹ kó gbà nínú ẹ̀jẹ̀ ló ń gbà. Orí fífọ́, òòyì àti èébì ló fi ń bẹ̀rẹ̀, oorun àsùn-ùn-jí ló fi ń parí. Bí ara yín bá ń balẹ̀ nígbà tí ẹ bá bọ́ síta, tí orí tún ń fọ́ nígbà tí ẹ bá wọlé, ẹ má lo òògùn kankan: ẹ pa jẹnẹrétọ̀ náà, ẹ kó gbogbo ọmọ jáde, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn. Jẹnẹrétọ̀ kò gbọdọ̀ wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ní ilé ìdáná tàbí lábẹ́ fèrèsé. Kó jìnnà sí ilé ní ẹsẹ̀ bàtà 20 ó kéré tán. Ààrò èédú tí wọ́n gbé wọ yàrá nígbà ọyẹ́ ń ṣe bákan náà.

Kì í sì í ṣe gbogbo orí fífọ́ àti ara gbígbóná ni ibà. Àyẹ̀wò ibà tí wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ orí ìka ṣe kì í gbà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 lọ. Ẹ ṣe é kẹ́ ẹ tó lo òògùn ibà. Ibà Lassa, tí orúkọ rẹ̀ wá láti ìlú Lassa ní Borno níbi tí wọ́n ti kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n ní 1969, ń fi orí fífọ́ àti ara gbígbóná bẹ̀rẹ̀. Ìpínlẹ̀ Oǹdó wà lára ibi tó ti ń jà jù, àwọn dókítà ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ọ̀wọ̀ sì mọ̀ ọ́n dáadáa. Ẹ̀ẹ̀rùn ló ń gbilẹ̀ jù, nígbà tí eku ń wọlé wá jẹ gààrí. Bí ẹ bá lo òògùn ibà fún ọjọ́ méjì tí kò rọlẹ̀, ẹ má pààrọ̀ àgbo, ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò mìíràn.

Aláboyún, ọ̀rọ̀ tiyín kò ní ìtọ́jú ilé. Láti ọ̀sẹ̀ 20 oyún títí di ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn ìbímọ, bí orí bá fọ́ yín tí kò lọ, tí ojú àti ọwọ́ wú, tí ojú ń ṣú tàbí iná ń kọ mànà lójú, tàbí tí òkè ikùn ń dùn yín, ẹ̀jẹ̀ lè ti ru sókè débi tí gìrì aláboyún kò fi jìnnà mọ́. Ó ń pa ìyá, ó ń pa ọmọ. Abẹ́rẹ́ magnesium sulphate tó ń dènà rẹ̀ wà ní ilé ìwòsàn. Kò sí nínú ewé, kò sí nílé agbẹ̀bí tí kò ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru. Ọkọ tó bá gbọ́ "orí ń fọ́ mi" lẹ́nu ìyàwó rẹ̀ tó lóyún oṣù mẹ́jọ, kó má dúró kí ilẹ̀ mọ́.

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni sùn nílé pẹ̀lú ẹ̀fọ́rí tó dé lójijì, tó le jù láàrin ìṣẹ́jú díẹ̀, tí onítọ̀hún ní irú rẹ̀ kò tíì mú òun rí láyé òun. Ẹ̀jẹ̀ lè máa ya nínú ọpọlọ. Bákan náà ni ti ẹni tí ẹnu rẹ̀ wọ́, tí apá tàbí ẹsẹ̀ kan rọ, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò já geere mọ́. Ẹni tí ara rẹ̀ gbóná tí ọrùn rẹ̀ gan, tí àgbọ̀n rẹ̀ kò lè kan àyà, nítorí pé meningitis lè pa èèyàn láàrin ọjọ́ kan. Ẹni tí ojú kan pọ́n, tó ń dùn ún, tó ń rí òbìrìkítí yí iná ká. Àti ẹni tó ti lé ní 50 ọdún tí irú ẹ̀fọ́rí tí kò ní rí bẹ̀rẹ̀ sí í bá jà. Ẹni tó ṣubú lórí ọ̀kadà, tó dìde, tó gbọn ara nù, tó ní kò sí nǹkan kan, tí orí wá ń fọ́ ọ lọ́jọ́ kejì tó sì ń bì tàbí tó ń sùn ṣáá, ẹ má jẹ́ kó sùn nílé. Ní Èkó, 767 tàbí 112 ni kẹ́ ẹ pè.

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ wa á kọ́kọ́ rò ó sí ọwọ́ ayé, pé ẹnìkan ló ń lu orí wa lójú àlá. Ẹ gbàdúrà, ẹ má dẹ́kun. Kí pásítọ̀, àlùfáà tàbí babaláwo tí ẹ bá lọ bá bi yín bóyá wọ́n ti wo ẹ̀jẹ̀ ríru yín. Bí kò bá bi yín, ẹ fúnra yín bi ara yín, kẹ́ ẹ ya ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé kẹ́ ẹ tó gun orí òkè.

Nígbà tí ẹ bá sì dé ọ̀dọ̀ dókítà, ẹ má sọ "orí ń fọ́ mi" nìkan. Ẹ sọ ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, ibi tó ń mú lórí, bó ṣe pẹ́ tó kó tó lọ, ohun tí ẹ jẹ, bí ẹ ṣe sùn, ọjọ́ tí nǹkan oṣù dé. Ẹ kó gbogbo páálí òògùn tí ẹ ti lò dání, títí kan ọ̀rá kékeré tí kò ní orúkọ. Bí ẹ bá mu àgbo, ẹ sọ ọ́, kódà bí nọ́ọ̀sì bá fajú ro. Dókítà tí kò mọ̀ pé àgbo wà nínú yín lè kọ òògùn tó máa bá a jà.